Stethoscope, ẹ̀rọ BP, oximeter: èwo ni kí nọ́ọ̀sì fowó ara ẹ̀ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ rí ní wọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé ẹ̀rọ BP (èyí tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo aláìsàn, tí kọ́ọ̀fù ẹ̀, ìyẹn aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá, ò lẹ̀ mọ́ àfi téèyàn bá fi plaster dè é, tí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ á ti sùn á tún ti jí kí ẹ̀rọ tó dé bẹ́ẹ̀dì ìkẹyìn, ẹ mọ ìdí tí nọ́ọ̀sì fi máa ń tọwọ́ bọ àpò ara ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Iṣẹ́ kì í dúró de ẹ̀rọ ni.

Àmọ́ owó wa ò pọ̀ débi tá a ó fi máa ra ohun tí ò ní wúlò, èmi sì ti ra púpọ̀ tí ò wúlò. Mo ti ra stethoscope ayédèrú, mo ti ra ẹ̀rọ BP tí mi ò mọ ibi tó ti ń mú nọ́ńbà ẹ̀ wá, mo ti ra tọ́ọ̀ṣì kékeré tó mọ́lẹ̀ bí iná mọ́tò, ìyá àgbàlagbà kan tí mo tàn án sójú ẹ̀ sọ̀rọ̀ sí mi tí mi ò lè fèsì. Torí náà mo fẹ́ gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ká wò wọ́n, kí kálukú mú èyí tó bá iṣẹ́ ẹ̀ mu.

Ohun tí mo fi ń yẹ̀ wọ́n wò

Àkọ́kọ́, òun náà ni mo kà sí jù: tí ẹ̀rọ yìí bá ń purọ́, ṣé màá mọ̀? Kò sẹ́rọ tí kì í purọ́ lọ́jọ́ kan, bó ti wù kó wọ́n tó. Àwọn kan wà tí wọ́n bá ń purọ́ ẹ máa rí i lójú wọn, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n á purọ́ tán, wọ́n á tún fi nọ́ńbà gàdàgbà-gàdàgbà kọ ọ́ síwájú yín, ẹ ó sì kọ ọ́ sínú ṣáàtì. Lójú tèmi o, olówó pọ́ọ́kú tí mo lè yẹ̀ wò fúnra mi sàn ju olówó ńlá tí mo kàn ń gbà gbọ́ lásán.

Èkejì ni owó, kì í sì í ṣe owó ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á nìkan. Bátìrì ńkọ́? Rọ́bà tó máa gan tó bá yá ńkọ́? Ṣé wọ́n ń ta kọ́ọ̀fù ẹ̀ lọ́tọ̀, àbí tí kọ́ọ̀fù bá ti ya gbogbo ẹ̀ ti di pàǹtírí nìyẹn? Ẹ̀kẹta, ṣé ó ṣeé nù? Ohun tó kan aláìsàn kan tó tún máa kan èkejì, ẹ gbọ́dọ̀ lè nù ún kíá láàárín àwọn méjèèjì, èyí tó bá ti ní kọ̀rọ̀ tí ìdọ̀tí lè sá pamọ́ sí, ẹ fi sílẹ̀ fẹ́ni tó tà á. Ẹ̀kẹrin, ṣé ó máa ń rìn? Ẹ má rẹ́rìn-ín, stethoscope máa ń rìn o. Ẹ gbé e sórí tábìlì kẹ́ ẹ lọ fọwọ́, kẹ́ ẹ tó padà dé ó ti bá dókítà kan lọ sí wọ́ọ̀dù kejì. Ohun tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ó lẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fín orúkọ yín sí i lára, tàbí kẹ́ ẹ ra èyí tó jẹ́ pé tó bá lọ ẹ ò ní sunkún.

Ọ̀kan kù tó yẹ kó ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹ bèèrè níbi iṣẹ́ yín bóyá wọ́n gbà kẹ́ ẹ lo ẹ̀rọ tara yín. Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ohunkóhun tó bá ń wọn nǹkan lára aláìsàn, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ọsibítù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ wọ́ọ̀dù, wọn ò sì jẹ̀bi, torí tí wọ́n bá fún aláìsàn lóògùn lórí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ yín mú wá, orúkọ yín ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yẹn nínú ṣáàtì.

Stethoscope

Ibí yìí lowó ti ń bọ́ jù, ibẹ̀ náà ni fáàrí pọ̀ sí jù. Bẹ́ẹ̀ bébà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní 1816 ní ìlú Paris, dókítà kan tó ń jẹ́ René Laennec fẹ́ gbọ́ ọkàn ọmọbìnrin kan, kò sì wù ú kó gbé etí lé e láyà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà náà, ló bá ká bébà róbótó, ó fi ìdí kan sáyà ọmọbìnrin náà, ó fi ìdí kejì sétí, ẹnu yà á pé òun gbọ́ ọ ketekete ju ìgbà tó bá gbé etí lé àyà lọ. Tẹ́nì kan bá wá ń sọ fún yín pé láìsí èyí tó wọ́n jù ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, ẹ rántí bébà yẹn.

Èyí tówó ẹ̀ kéré jù ni àwọn tó fúyẹ́, tí wọ́n sábà máa ń dì pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ BP. Tó bá ṣe BP lẹ fẹ́ fi máa wọ̀n, ó tó yín, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Àmọ́ ẹ gbé e sẹ́yìn bàbá kan tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, ní wọ́ọ̀dù tí fáànù ń yí tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀, fáànù lẹ máa gbọ́. Ohun tó ń wọ etí náà máa ń le gan-an, tí shift bá fi máa parí etí á ti máa ta yín.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni Sprague Rappaport, èyí tó ní rọ́bà méjì tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n máa ń kó oríṣiríṣi orí fún yín nínú páálí ẹ̀, tàgbà, tọmọdé, tọmọ ìkókó. Ó ń gbóhùn ju bí owó ẹ̀ ṣe kéré tó lọ. Wàhálà ẹ̀ ni pé rọ́bà méjèèjì máa ń ha ara wọn, ṣíá ṣíá ṣíá, ẹni tí etí ẹ̀ ò tíì mọ ohùn àyà dáadáa á rò pé aláìsàn ló ń dún bẹ́ẹ̀. Ó tún wúwo, kò ṣe é ká sápò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wá èyí tí wọ́n fi ike so rọ́bà méjèèjì pọ̀, ìhara yẹn á dínkù.

Àárín lèmi wà, ibẹ̀ ni mo sì ní kí ọ̀pọ̀ nínú wa dúró sí. Littmann Classic III ló lórúkọ jù níbẹ̀, ilé iṣẹ́ MDF náà ń ṣe àwọn tó bá a dọ́gba tí owó wọn sì sábà máa ń rọjú díẹ̀. Classic III ní ojú méjì, ńlá fún àgbà, kékeré fún ọmọdé tàbí fẹ́ni tó rù tí eegun àyà ẹ̀ ò jẹ́ kí ojú ńlá jókòó dáadáa. Ẹ rọra gbé e lé àyà, ohùn tó wà nísàlẹ̀ lẹ̀ ń gbọ́ yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ohùn tòkè wọlé, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ti àtijọ́, àfi kẹ́ ẹ yí orí ẹ̀ láti ojú pẹlẹbẹ sí ojú agogo. Gàráńtì ọdún 5 ni wọ́n fún un. Ó lábùúrò kan tó ń jẹ́ Lightweight II S.E., ó fúyẹ́ jù ú lọ, gàráńtì ọdún 2, ó dáa fẹ́ni tó jẹ́ pé BP ló ń wọ̀n jù tó sì ń gbọ́ àyà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n wọn ni Cardiology IV. Rọ́bà ẹ̀ nípọn, ọ̀nà méjì ló wà nínú rọ́bà kan yẹn, ìyẹn ni pé ó ní àǹfààní Sprague láìsí ìhara. Gàráńtì ọdún 7. Mo ti yá a lò lọ́wọ́ ẹnì kan tá a jọ ń ṣe alẹ́, mi ò lè purọ́, ìyàtọ̀ wà, pàápàá fún ohùn ọkàn tó ń dún wúyẹ́-wúyẹ́ lábẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín ni pé tẹ́ ẹ bá gbọ́ wúyẹ́-wúyẹ́ yẹn, ṣé iṣẹ́ yín ni láti dárúkọ ẹ̀, àbí iṣẹ́ yín ni láti mọ̀ pé nǹkan ti yí padà kẹ́ ẹ sì pe dókítà? Tó bá ṣe èkejì ni, ti àárín á sọ fún yín. Tẹ́ ẹ bá wà níbi tí wọ́n ń tọ́jú aláìsàn ọkàn tàbí àwọn tí ẹ̀mí wọn wà lórí ẹ̀rọ, ẹ rà á, ẹ má wẹ̀yìn.

Ti oníná tún wà, èyí tó ń gbé ohùn ga, a máa ń ṣáàjì ẹ̀ bíi fóònù. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ẹ̀. Ẹni tí etí ẹ̀ ò gbọ́ dáadáa mọ́ ni mo lè ní kó rà á, fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe afẹ́ rárá, òun ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́. Àwa tó kù, ọjọ́ tí bátìrì bá kú láàárín òru la máa mọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ fi sétí, orí méjèèjì tó ń wọ etí gbọ́dọ̀ kọjú síwájú, sápá imú, kì í ṣe sẹ́yìn, mo ti rí ẹni tó lo tiẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ìdàkejì tó ń sọ pé stethoscope yìí ò dáa. Ẹ rọra fi ìka kan ojú ẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń fọwọ́ kan omi, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kedere. Tó bá dún bí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri, ẹ wo ojú ẹ̀ bóyá ó ti sán, ẹ wo rọ́bà bóyá ó ti là níbi tó ti wọ inú irin, ẹ yọ ohun etí kẹ́ ẹ wò ó bóyá epo etí ló dí i (ọ̀rọ̀ ìtìjú, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀). Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn stethoscope ju gbogbo nǹkan yòókù lọ, kò ní bátìrì, kì í ka nọ́ńbà síta, tó bá bàjẹ́ ẹ máa mọ̀.

Lórí ayédèrú: orúkọ Littmann ni wọ́n ń gbé sára ayédèrú jù. Tòótọ́ máa ń ní nọ́ńbà tí wọ́n fín sí ara irin orí ẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi bi ilé iṣẹ́ tó ṣe é kẹ́ ẹ tó sanwó. Tèmi ní nọ́ńbà, nọ́ńbà kan náà ló sì wà lára ti ọ̀rẹ́ mi tá a jọ rà á lọ́jọ́ kan náà. Ẹ gbọ́ bí ìyẹn ṣe dùn létí.

Ohun kékeré kan tó ń pa owó run: ọrùn. Òróró ara àti òógùn máa ń jẹ́ kí rọ́bà yẹn gan, á máa le bí ike, lẹ́yìn náà á là. Ẹ gbé e lé kọ́là aṣọ yín, tàbí kẹ́ ẹ fi sápò, ẹ má jẹ́ kó jókòó sórí awọ ọrùn láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ má tún rì í sínú spirit torí pé ẹ fẹ́ kó mọ́, nínù ni wọ́n ń nù ún.

Ẹ̀rọ BP

Ti mẹ́kúrì tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ gbàgbé ẹ̀. Àdéhùn Minamata táwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 2013 ló fi 2020 ṣe òpin ṣíṣe é àti kíkó o wọlé, nítorí májèlé ni mẹ́kúrì. Tẹ́nì kan bá fẹ́ tà á fún yín ní pọ́ọ́kú, ẹ wo ọ̀nà ibòmíràn. Ó wá ku mẹ́ta: ti aneroid, tó lójú bí aago tá à ń fọwọ́ fún pọ́ńpù ẹ̀, ti digital tí wọ́n ń wé mọ́ apá, àti ti ọrùn ọwọ́.

Ti aneroid ni mo ní, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ó ṣubú lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan lórí símẹ́ńtì, mo gbé e, mo gbọ̀n ọ́n, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Láàárín ọjọ́ méjì, BP gbogbo èèyàn wọ́ọ̀dù wa ti ń gòkè, àní ti ọmọbìnrin kan tí tiẹ̀ kì í kọjá 100. Mo ń ronú pé bóyá oorun ni wọn ò rí sùn. Àǹtí kan tó jù mí lọ níbi iṣẹ́ gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, kò tiẹ̀ wé e mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó kàn wo ojú ẹ̀, ó ní, “Ìwọ, wo ọwọ́ aago yìí, kò délé.” Mo wò ó. Kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú kọ́ọ̀fù, ọwọ́ aago sì jókòó sórí 10 bí ẹni tó rẹ̀. Látìgbà yẹn, kí n tó wé e mọ́ apá ẹnikẹ́ni, mo máa ń wò ó bóyá ó délé.

Ohun tó dáa lára aneroid nìyẹn, ó ń fi irọ́ ẹ̀ hàn. Owó ẹ̀ kéré, kò fẹ́ bátìrì, ẹ lè ra kọ́ọ̀fù àti pọ́ńpù ẹ̀ lọ́tọ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o, pé ó délé ní òdo ò ní kó jẹ́ pé 160 ẹ̀ tọ̀nà. Ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ kí wọ́n fi wé èyí tó dá wọn lójú, tó bá sì ṣubú, ẹ má dúró de oṣù mẹ́fà. Ó tún fẹ́ etí tó gbọ́ àti ibi tó dákẹ́ díẹ̀, torí ohùn ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ kọ́ọ̀fù tí Nikolai Korotkoff ará Rọ́ṣíà ṣàlàyé ní 1905 náà la ṣì ń gbọ́ títí dòní, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi sùúrù tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, 2 sí 3 mmHg (ìwọ̀n tí ojú ẹ̀rọ BP ń kà) ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá ń kánjú tú u, irọ́ tara ẹ̀ ló ń pa, kì í ṣe ti ẹ̀rọ.

Digital ò gbọ́ ohùn kankan ní tiẹ̀. Bí iṣan ṣe ń mi kọ́ọ̀fù ló ń wọ̀n, ó wá ń fi ìṣirò tí ilé iṣẹ́ ẹ̀ fi pamọ́ sínú ẹ̀ fa nọ́ńbà méjèèjì yọ. Ó ní àǹfààní tí kò ṣeé fojú di: ọwọ́ yín á ráyè, ẹ lè máa ka mímí aláìsàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe, ìyẹn ká máa fi 0 parí gbogbo nọ́ńbà, 120/80, 130/90, bíi pé Ọlọ́run ò dá 127. Ṣùgbọ́n tí ọkàn aláìsàn bá ń lù ségesège, tàbí tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, digital lè ṣìṣe, èyí tó burú níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà tó ṣì yẹn á mọ́ rekete bíi ti tòótọ́. Bí mo bá gbé ìka lé iṣan tí mo rí i pé kò lọ déédéé, aneroid ni mo ń gbé.

Nítorí pé ẹ ò lè rí irọ́ digital lójú ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kẹ́lòmíràn ti bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Àjọ kan tó ń jẹ́ STRIDE BP ní ìwé orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti dán wò tí wọ́n sì yege, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Kẹ́ ẹ wá orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan ò tó, nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì gan-an ni kẹ́ ẹ wá, torí ilé iṣẹ́ kan náà lè ṣe èyí tó yege kó sì ṣe èyí tẹ́nikẹ́ni ò dán wò. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, bó ti wù kí páálí ẹ̀ dára tó, mi ò ní fi wọn aláìsàn.

Ti ọrùn ọwọ́, rárá, fún iṣẹ́ wa. Tí ọwọ́ ò bá ti sí ní ọ̀gangan ọkàn, ó ti ṣì nìyẹn, aláìsàn wo ló fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ẹni tí apá ẹ̀ tóbi débi pé kò sí kọ́ọ̀fù tó gbà á nìkan ni mo lè lò ó fún.

Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀fù yìí ló yẹ kó jẹ́ orí ọ̀rọ̀ gan-an. Tí kọ́ọ̀fù bá kéré ju apá lọ, BP á ga lórí irọ́. Tó bá tóbi jù, á wálẹ̀ lórí irọ́. Rọ́bà tó wà nínú kọ́ọ̀fù yẹn, gígùn ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 80% àyíká apá, fífẹ̀ ẹ̀ 40%. Kọ́ọ̀fù àgbà tó wọ́pọ̀, apá tí àyíká ẹ̀ tó 27 sí 34 sẹ̀ǹtímítà ló wà fún, èyí tó tóbi gba 35 sí 44. Ẹ wo àwọn aláìsàn yín, ẹ sọ fún mi iye wọn tí apá wọn kọjá 34. Torí náà tẹ́ ẹ bá ní owó díẹ̀ lé, ẹ má fi ra ẹ̀rọ tó wọ́n sí i, ẹ fi ra kọ́ọ̀fù kejì. Téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọnṣọ sì dáa nínú àpò, kò wọ́n rárá.

Oximeter ti ìka

Èyí ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wo iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Owó ẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an, ìyẹn náà ló jẹ́ kí èyí tí ò dáa pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń kọ ọ́ sára páálí pé àṣìṣe wọn ò ju 2% lọ, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn fọkàn yín balẹ̀. Iná ló ń tàn kọjá ìka, torí náà ohunkóhun tó bá dí iná lọ́nà tàbí tó dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà máa bà á jẹ́: kúútẹ̀, ọwọ́ tútù, ìka tó ń mì, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Ẹni tó fa èéfín jẹnẹrétọ̀ símú, ó lè ka 98 fún un nígbà tó ń kú lọ, torí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ́síjìn àti gáàsì inú èéfín yẹn.

Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé e jáde ní ìparí 2020 pé nínú àwọn tí oximeter sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96%, àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ pé ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju 88% tó 11.7%, àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6%. Nínú ọsibítù ńlá nìyẹn o, kì í ṣe pẹ̀lú èyí tá a rà ní pọ́ọ́kú. Torí náà tí aláwọ̀ dúdú bá ń mí helehele tí ẹ̀rọ ń sọ 94, ẹni tó ń mí helehele yẹn ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ fi lè dán an wò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó máa ń ka bí ọkàn ṣe ń lù náà. Ẹ fi ìka yín ka iṣan ọwọ́ aláìsàn fúnra yín, tí tiyín bá jẹ́ 110 tí tiẹ̀ jẹ́ 72, kò mú nǹkan kan, nọ́ńbà ọ́síjìn tó ń kọ yẹn ò wúlò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ra èyí tó ń fi bí iṣan ṣe ń lù hàn bí ìgbì, èyí tó ń kọ nọ́ńbà nìkan ò fi ẹ̀rí kankan hàn yín.

Tẹmómítà àtàwọn wẹ́wẹ́ yòókù

Èyí ò gbà wá lákòókò. Ti mẹ́kúrì, rárá, ìdí kan náà. Digital tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n tàbí abíyá ni mo mú, owó ẹ̀ kéré, ó sì sábà máa ń tọ̀nà, ẹ ṣáà ra ọ̀rá ìbòrí ẹ̀ mọ́ ọn. Ti iwájú orí yá, kì í kan aláìsàn, ó dáa níbi tí èrò pọ̀ sí, ṣùgbọ́n òógùn máa ń tàn án jẹ, tó bá ka ohun tí ò yé yín ẹ fi ti abíyá tún un wò. Ti etí dáa tẹ́ ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń fa etí kó lè rí ọ̀nà, epo etí sì lọ̀tá ẹ̀.

Tọ́ọ̀ṣì fún ojú, ẹ ra èyí tí iná ẹ̀ pọ́n díẹ̀, tí ìwọ̀n ẹyinjú wà lára ẹ̀, ti funfun tó mú bí ọ̀bẹ yẹn ìyà lẹ fi ń jẹ aláìsàn. Sísọ́ọ̀sì, èyí tí ẹnu ẹ̀ tẹ̀ tó sì kújú lábẹ́, èyíkéyìí, ẹ má ná owó lé e, gbogbo wa la mọ̀ pé kò ní pẹ́ lọ́wọ́ yín. Aago, èyí tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá tó ń rìn, tó ṣeé fi kọ́ àyà aṣọ, torí ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ni ò fẹ́ nǹkan kan lọ́rùn ọwọ́ mọ́ nítorí fífọwọ́. Òun lẹ máa fi ka mímí fún odindi ìṣẹ́jú kan. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rà, òun ni kò tíì purọ́ fún mi rí.

Àwọn àpò tí wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ sí tán, stethoscope, BP, tọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹ̀ ní àwọ̀ kan náà? Ó wuyì. Ẹ̀rọ BP inú ẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Mo fẹ́ràn kí n rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, oṣù yìí kan, oṣù tó ń bọ̀ kan.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́: Sprague tàbí Lightweight, àti aago. Ẹ má ra Cardiology kẹ́ ẹ tó mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́, kò ní kọ́ yín. Etí yín lẹ máa kọ́, lára aláìsàn púpọ̀.

Ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù gbogbogbòò: stethoscope ti àárín, ọ̀kan tó tòótọ́, pẹ̀lú orúkọ yín lára ẹ̀. Tí ẹ̀rọ BP wọ́ọ̀dù bá ń dààmú yín, aneroid pẹ̀lú kọ́ọ̀fù méjì.

Ẹni tó ń lọ tọ́jú àwọn èèyàn nílé wọn nìkan ni mo lè sọ fún pé kó ra gbogbo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: digital tó wà nínú ìwé STRIDE BP, aneroid fún ọjọ́ tí ọkàn bá ń lù ségesège tàbí tí bátìrì bá kú, oximeter tó ń fi ìgbì hàn, tẹmómítà digital, kọ́ọ̀fù ńlá. Kò sẹ́ni tó máa yá yín ní ẹ̀rọ lójú ọ̀nà.

Wọ́ọ̀dù ọmọdé: ti àárín tó lójú kékeré, àti kọ́ọ̀fù ọmọdé tó jẹ́ ìwọ̀n lóríṣiríṣi. Oximeter àgbà ò ní dúró lórí ìka ọmọ ìkókó, ẹ má gbìyànjú ẹ̀.

Ẹ̀ka aláìsàn ọkàn àti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ẹ̀mí wọn wà lórí ẹ̀rọ (ICU): Cardiology IV, kò sí ohun mìíràn, ẹ̀rọ tó kù wà lára ògiri. Àmọ́ fún aláìsàn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nítorí àrùn tó ń ràn, ẹ fi tiyín sílẹ̀ níta, ẹ lo ti pọ́ọ́kú tó máa dúró nínú yàrá ẹ̀.

Ẹni tí ibi iṣẹ́ ẹ̀ ń ra ẹ̀rọ tó dáa, tí wọ́n sì ń yẹ̀ wọ́n wò déédéé, ẹ kí wọn fún mi. Aago nìkan ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ fi owó tó kù ra bàtà tí ò ní jẹ́ kẹ́sẹ̀ yín wú.